Ọjà Ọ̀yìngbò Ò Mọ̀ Pé Ẹnìkan Ò Wá: Káńsù Ńkọ́?

Wọ́n ní kí n kọ ìtàn díẹ̀ sínú ìwé àjọ̀dún wa, mo sì rò ó títí kí n tó mọ èyí tí n ó kọ. Ìtàn bí a ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, akọ̀wé wa ló ni ìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ sọ ju ẹgbẹ́ wa nìkan lọ. Ó jẹ́ ìtàn bí àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó ṣe wá àyè lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣèjọba ìlú, bí wọ́n ṣe rí díẹ̀ gbà, àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà há sí.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ òwe tí wọ́n fi ọjà wa pa: ọjà Ọ̀yìngbò ò mọ̀ pé ẹnìkan ò wá. Bó o bá wá, o wá. Bó ò bá wá, ata á tà, iṣu á tà, pọ̀nmọ́ á tà. Àwa tí a ń jókòó sídìí ọjà yìí mọ̀ pé òótọ́ ni. Lọ́jọ́ tí ibà bá dá ẹ dúró sílé, oníbàárà ẹ á kàn yà sọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ni. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ káńsù, òwe yìí ò dáa rárá. Níbi tí wọ́n ti ń pín ìsọ̀, tí wọ́n ń sọ iye tí owó tíkẹ́ẹ̀tì máa jẹ́, tí wọ́n ń sọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa wà àti ọjà tí wọ́n máa wó, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, òun gan-an ni wọ́n máa rẹ́ jẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdílé. Ilẹ̀ Àwórì ni Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Ní 1867, nígbà tí wọ́n fọ́ ilé àwọn onígbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Ìfọ́lé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ẹ̀gbá tó sá wá sí Èkó ni Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, fún nílẹ̀ sí Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ojú irin dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí afárá Carter tó so Ìsàlẹ̀ Èkó mọ́ Ìddó. Nígbà tó fi máa di 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ tààrà sí Kánò. Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe, Ẹ̀bútè Mẹ́ta níbí ló wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹlùwéè ṣe dé láti gbogbo ìlú: Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìgbò, Hausa, Tápà, Ẹ̀gùn, Sàró. Gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ jẹun.

Ẹnu àwọn yẹn ló dá ọjà wa sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 ni Ọ̀yìngbò bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ń já oúnjẹ oko sí. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, wọ́n ní kí ọjà kúrò níbi tó wà nítorí pé rẹlùwéè fẹ́ fẹ ojú irin rẹ̀. Ọjà sì kúrò. Ẹ ò rí i pé ọjà wa ò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti lé e kúrò lẹ́ẹ̀kan? Àwọn tó pàṣẹ yẹn, kò sí obìnrin kankan láàárín wọn. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé àwọn obìnrin o. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn.

Ètò náà rèé. Ní 1917 ni ìjọba òyìnbó gbé káńsù ìlú Èkó kalẹ̀, ní 1920 ni wọ́n sì kọ́kọ́ dìbò yan ènìyàn díẹ̀ sínú rẹ̀. Ọkùnrin nìkan ló lè dìbò, kì í sì í ṣe gbogbo ọkùnrin pàápàá, àfi àwọn tó ní dúkìá tàbí owó tó jọjú. Nígbà tí òfin Gómìnà Clifford dé ní 1922, tí Èkó láǹfààní láti yan ọkùnrin mẹ́ta sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹni tó bá ń rí £100 lọ́dún ló lè dìbò, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin. Obìnrin tó ń ta aṣọ, tó ń rí £300 lọ́dún, tó ń rán ọmọkùnrin rẹ̀ lọ sí ilé ìwé lókè òkun, kò lẹ́nu níbẹ̀. Ọmọ tó rán lọ yẹn lẹ́nu, òun ò lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé wọ́n dákẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1908, nígbà tí ìjọba ní àwọn ará Èkó máa san owó omi, wọ́n ti ọjà pa. Títi ọjà pa, ohun ìjà àwọn ìyá wa nìyẹn. Ẹni tí kò ní ìwé ìdìbò ṣáà ní àtẹ, bó bá sì ká àtẹ rẹ̀, ebi á pa gómìnà pẹ̀lú.

Ẹni tó mọ ohun ìjà yìí lò jù lọ ni Àlímọ́tù Pẹ̀lẹ́wùrà. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ orúkọ yìí bí wọ́n ṣe mọ orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú. Ẹja ni Pẹ̀lẹ́wùrà ń tà, ẹja ni ìyá rẹ̀ náà tà. Mùsùlùmí ni, kò kàwé. Ní 1910, Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ fi jẹ oyè láàárín àwọn obìnrin ọlọ́jà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1920, òun ni alága ọjà Ẹrẹ́kọ̀, òun náà sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ láyé Herbert Macaulay. Ẹgbẹ́ yẹn ní akọ̀wé tó ń gbowó oṣù, nítorí Pẹ̀lẹ́wùrà mọ̀ pé ohun tí òyìnbó ò bá rí nínú ìwé, òyìnbó á ní òun ò gbọ́. Ẹ wo ọgbọ́n! Obìnrin tí kò mọ ìwé ló gba akọ̀wé síṣẹ́.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ ká fò kọjá. Ní 1932, wọ́n mú Pẹ̀lẹ́wùrà sínú ìgbìmọ̀ ìlú tó ń gba Ọba Èkó nímọ̀ràn. Kì í ṣe nítorí ara rẹ̀ nìkan ló ṣe jókòó síbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbẹnusọ fún aṣojú 84 tí àwọn obìnrin ọlọ́jà yàn. Ẹ ka iye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Láàfin ọba, níbi tí àwọn kan ń pè ní ibi àṣà àtijọ́, wọ́n ti mọ̀ pé ọjà gbọ́dọ̀ lẹ́nu nínú ìlú. Nínú káńsù òyìnbó tí wọ́n pè ní ọ̀làjú, àga kan ṣoṣo ò sí fún obìnrin.

Ní ọdún 1932 yẹn náà, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ìjọba fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin. Gbogbo ènìyàn ṣì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abá ní 1929, níbi tí wọ́n ti yìnbọn pa àwọn obìnrin tó ń jà torí owó orí. Àwọn ọlọ́jà Èkó rán aṣojú lọ bá òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, ó sì fi dá wọn lójú pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà, wọ́n lọ sílé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọjà Ẹrẹ́kọ̀ dé. Ìjọba ní kí àwọn obìnrin kó kúrò ní Ẹrẹ́kọ̀ lọ sí Olúwọlé. Àwọn obìnrin ní àwọn ò lọ. Ọ̀rọ̀ ọjà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pákó àti páànù nìkan, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ kúrò níbi tí oníbàárà ti mọ̀ ẹ́ fún ogún ọdún, ọjà tuntun lo fẹ́ dá sílẹ̀ yẹn, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ jáde. Wọ́n kó Pẹ̀lẹ́wùrà àti àwọn obìnrin mìíràn sí àtìmọ́lé. Nígbà tí ìròyìn náà dé ọjà, àwọn obìnrin tú jáde, wọ́n sì pọ̀ débi pé ìjọba fi wọ́n sílẹ̀. Ẹrẹ́kọ̀ ò ṣí.

Mo máa ń fi Ẹrẹ́kọ̀ wé Ọ̀yìngbò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àárín ọdún díẹ̀ síra wọn ni, ìjọba kan náà ni, àṣẹ kan náà ni: ẹ kó kúrò. Ọjà kan kó lọ, ọjà kan dúró. Èmi rò pé ohun tó fa ìyàtọ̀ ni pé ọjà Ẹrẹ́kọ̀ ti pẹ́, ó ní olórí tí gbogbo ènìyàn mọ̀, wọ́n sì ń ṣèpàdé. Ọ̀yìngbò ṣì jẹ́ ọjà tuntun nígbà náà, àwọn tó ń tà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara wọn ni.

Ẹ jẹ́ ká wá dé 1940, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ogun Hitler ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba ń wá owó. Wọ́n ṣe òfin pé obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún ní Èkó máa san owó orí. Àwọn tí wọ́n fi lọ́kàn balẹ̀ ní 1932 rí i pé wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1940, àwọn obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà tó ń ṣàkóso Èkó. Wọ́n mú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, àwọn obìnrin tó lé ní igba ló tẹ̀ka sí i. Ẹni tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ ní àtàǹpàkò, àtàǹpàkò sì lé ní igba níbẹ̀. Ọjà tì. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ náà lọ bá Macaulay pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ náà sì ta gbogbo Èkó lólobó.

Ohun tí wọ́n sọ nínú ìjà yẹn ló wú mi lórí jù. Wọn ò kàn sọ pé owó ò sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ò sí lóòótọ́ nítorí ogun. Wọ́n ní obìnrin kì í dìbò, nítorí náà kò yẹ kí obìnrin san owó orí. Ẹ wo bí ó ṣe rí: ọkùnrin gbọ́dọ̀ ní £100 kó tó lè dìbò, ṣùgbọ́n obìnrin tó ní £51 ti tó ẹni tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Fún gbígbà lọ́wọ́ ẹni, obìnrin jẹ́ ènìyàn. Fún fífún lẹ́nu ọ̀rọ̀, kò sí ńbẹ̀. Èèyàn ò nílò dígíríì kó tó mọ̀ pé ìrẹ́jẹ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì sí i, ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, ìjọba Gómìnà Bourdillon sọ pé àwọn ti gbé e sókè: obìnrin tó bá ń rí ju £200 lọ nìkan ló máa san. Àwọn obìnrin tó ń rí bẹ́ẹ̀ ní Èkó ò pọ̀. Ọjà ṣí padà. Ọjọ́ méjì péré!

Ṣùgbọ́n kí inú wa má dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí wọ́n rí gbà ni pé owó orí kúrò lọ́rùn ọ̀pọ̀ wọn. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà, pé kí obìnrin lẹ́nu nínú ìlú, ìjọba ò dáhùn ìyẹn rárá. Kò sì ju oṣù díẹ̀ lọ tí ìyà rẹ̀ fi dé.

Ní 1941, wọ́n yan ọ̀gágun òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pullen láti máa bójú tó iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ. Ìjọba ló ń dá iye lé e, pàápàá gààrí. Iye tí wọ́n dá lé e, nígbà míì kò tó iye tí obìnrin fi ra ọjà lóko, ká má tíì sọ owó ọkọ̀ àti owó alábàárù. Bó o bá tà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á mú ẹ. Bó o bá tà á bẹ́ẹ̀, o jẹ gbèsè. Ẹ̀yin tó ń ta gààrí nínú wa, ẹ bá mi dá sí i: ta ló jókòó ṣe ìṣirò yẹn? Ẹni tí kò ru àpò gààrí rí ni. Pullen bẹ Pẹ̀lẹ́wùrà pé kó bá òun ṣiṣẹ́, ó sì fi £100 lóṣooṣù lọ̀ ọ́. Ní ayé tí ọkùnrin tó ń rí £100 *lọ́dún* jẹ́ ẹni ńlá tó lè dìbò! Ìyá kọ̀. Ó ní òun ò ní bá wọn fi ebi pa ìlú tí wọ́n ti bí òun. Ó tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà, àwọn obìnrin ń tajà lábẹ́lẹ̀, ọlọ́pàá ń lé wọn, títí ìjọba fi gbé ètò náà tì ní 1945.

Bí obìnrin ọlọ́jà kan bá wà nínú àwọn tó ń dá iye lé gààrí ní 1941, ṣé ó máa tó ọdún mẹ́rin? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ojúmọ́ kan ni ì bá fi ṣàlàyé fún wọn.

Àwọn obìnrin tó kàwé náà ń jà lápá tiwọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1944, Ìyáàfin Oyinkán Abáyọ̀mí pe àwọn obìnrin jọ sílé rẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin Nàìjíríà sílẹ̀. Wọ́n ń béèrè ìwé kíkà fún ọmọbìnrin, iṣẹ́ ìjọba fún obìnrin, àti ẹ̀tọ́ láti dìbò. Wọ́n máa ń gbèjà ọlọ́jà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́wù ni, àwọn ìyá tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, tó ń sọ gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọlọ́jà ń tẹ̀lé Macaulay àti Pẹ̀lẹ́wùrà. Nígbà ìjà 1940 wọ́n pàdé, lẹ́yìn rẹ̀ kálukú padà sí ibi tó ti wá.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há ní 1950. Ọdún yẹn ni òfin yí padà ní Èkó: àgbàlagbà tó bá ń gbé ìlú, ọkùnrin àti obìnrin, olówó àti tálákà, ló lè dìbò sí káńsù. Àga 24 ló wà nílẹ̀. Àwọn obìnrin Ìlà-oòrùn dúró di 1954, ti Ìwọ̀-oòrùn dúró di 1959 kí gbogbo wọn tó lè dìbò láìsí wí pé wọ́n san owó orí tàbí wọn ò san, ti Àríwá dúró di 1976. Àwa la kọ́kọ́ rí i. Ẹgbẹ́ Ìyáàfin Abáyọ̀mí gbé obìnrin mẹ́rin kalẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó wọlé nínú wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn Macaulay, tí òun alára ti kú ní 1946, ló kó àga 18 nínú 24, wọ́n sì fi Dókítà Ìbíyínká Ọlọ́run-Nímbẹ̀ ṣe Méyọ̀ Èkó àkọ́kọ́. Àwọn obìnrin ọlọ́jà ló dìbò fún wọn rẹpẹtẹ. Ọkùnrin sì ni wọ́n ń dìbò fún.

Àwọn kan á ní obìnrin ni ọ̀tá obìnrin. Mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwọn ọlọ́jà ti bá ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún ó lé, tí wọ́n ti ti ọjà pa fún, tí wọ́n ti tu owó jọ fún, kò rántí wọn nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó máa du ipò. Àwọn ẹlẹ́wù sì wá ìbò lọ́dọ̀ àwọn tí wọn ò bá jókòó pẹ́ tó. Obìnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka òfin wà lápá kan, obìnrin tó ní èrò lẹ́yìn wà lápá kejì, àga ò sì kan ìkankan nínú wọn. Ọdún tó tẹ̀lé e, 1951, ni Pẹ̀lẹ́wùrà kú. Kò jókòó nínú káńsù náà rí.

Ẹ fi wé Abẹ́òkúta. Níbẹ̀, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, olùkọ́ ni, ó kàwé dé ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n ó sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ di ti ọlọ́jà pátápátá. Ó ń kọ́ wọn ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ó ń wọ ìró àti bùbá bíi tiwọn, èdè Yorùbá ló fi ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀ lójú wọn. Nígbà tí wọ́n fi bá ọ̀rọ̀ owó orí jà láti 1946 dé 1949, Aláké fi ìlú sílẹ̀, wọ́n mú owó orí kúrò lórí obìnrin, obìnrin mẹ́rin sì bọ́ sínú ìgbìmọ̀ tuntun tó ń ṣàkóso Ẹ̀gbá. Mẹ́rin! Ọdún kan ṣáájú kí mẹ́rin tiwa tó fìdí rẹmi ní Èkó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n tú káńsù Méyọ̀ yẹn ká ní 1953. Wúràọlá Ẹ̀ṣan, ọmọ Ìbàdàn, di obìnrin àkọ́kọ́ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní 1960. Ìyá wa Abíbátù Mọ́gàjí di ìyálọ́jà tí gbogbo ìjọba ń bá sọ̀rọ̀, ológun àti alágbádá, títí tó fi dolóògbé ní 2013 lẹ́ni ọdún 96. Obìnrin ti ṣe igbákejì gómìnà Èkó lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan nínú wọn, Ìdíátù Adébùlé, sì wọ ilé aṣòfin àgbà ní 2023. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó wọlé ìbò sílé náà lọ́dún yẹn jẹ́ mẹ́ta péré nínú 109. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin l'Ábújá dìbò tako òfin tí ì bá ya àga sọ́tọ̀ fún obìnrin, àwọn obìnrin sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn fún ọjọ́ mélòó kan. Mo rí fọ́tò wọn nínú ìwé ìròyìn, ó sì dà bíi pé àwọn tó lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà ní 1940 ni.

Èyí tó kan àwa gan-an ni káńsù. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n dìbò yàn. Ní 2003, ìpínlẹ̀ Èkó gé 20 tó ní sí 57. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá gidi. Bí owó bá ń dé ọwọ́ káńsù, ẹni tó wà nínú káńsù ló máa sọ bóyá gọ́tà ni wọ́n máa fi ṣe tàbí mọ́tò tuntun.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan náà ni. Ọjà wa yìí, èdè mélòó la fi ń ná an? Alátà tó ń gba tòmátì láti Àríwá ń sọ Hausa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ ń sọ Ìgbò, alábàárù ń sọ Ẹ̀gùn. Gbogbo wọn ló ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa, nígbà tí a bá ń yan aṣojú ọjà, ṣé a máa ń pè wọ́n? Àwa tí inú ń bí pé òyìnbó ò pe ìyá wa, àwa náà máa ń ní "àjèjì ni, kó máa wò wá." Ẹni tí a gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ tí a ò fún lẹ́nu, ọ̀rọ̀ £50 ti 1940 náà ni.

Àwọn aláàbọ̀ ara náà wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin fún wọn ní 2011, ti ìjọba àpapọ̀ sì di òfin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Òfin kejì yẹn fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé ní 2024. Ẹ wá wo ọjà wa. Wọ́n wó ti àtijọ́, wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá dípò rẹ̀, Gómìnà Fáṣọlá ló ṣí i ní 2015. Ilé tó dára ni, kò sí ẹni tó máa sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé àpò iṣu gun àtẹ̀gùn? Ìyá ẹni ọdún 70 tí orúnkún ń dùn, báwo ló ṣe máa gòkè, báwo sì ni oníbàárà tó fẹ́ ra ata igba náírà ṣe máa gòkè tẹ̀lé e? Ìbéèrè tí ọlọ́jà kan ṣoṣo ì bá béèrè nìyí kó tó di pé wọ́n ya àwòrán ilé náà tán.

Ọkọ̀ ojú irin náà tún ti padà dé bá wa. Ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n ṣí èyí tí wọ́n fi àwọ̀ pupa pè, láti Agbádo wá sí Ọ̀yìngbò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò nínú oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Ọ̀yìngbò ni ìdíkọ̀ tó gbẹ̀yìn níbí. Èrò ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú wa lójoojúmọ́, èyí sì dára fún títà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ọjà rántí ohun tí ojú irin ṣe fún wa lẹ́ẹ̀kan. Bí káńsù bá máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó máa tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdíkọ̀ yẹn àti ẹni tí wọ́n máa ní kó kúrò, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ti ní láti mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yìí àti ọjọ́ tí wọ́n ń ṣèpàdé.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo tún fẹ́ bẹ̀ yín. Nínú gbogbo ìtàn tí mo kọ yìí, ti Ẹrẹ́kọ̀ pọ̀ nínú ìwé, ti Ọ̀yìngbò kò tó nǹkan. Ẹni tó bá ní fọ́tò ọjà wa kí wọ́n tó wó o, ẹni tó bá ní rísíìtì owó ìsọ̀ àtijọ́, tàbí ìwé tí ìyá rẹ̀ tẹ̀ka sí, kó jọ̀wọ́ mú un wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ọjọ́ ìpàdé. A máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a ó sì dá ojúlówó padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti ń tajà níbí láti ìgbà Gowon, bí ẹ ò bá lè kọ ọ́, ẹ wá sọ ọ́, a máa bá yín kọ ọ́.